Ṣé wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ ni àbí wọ́n ń lù ú?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ìmọ̀ràn yín pé "akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ olùtẹ dùùrù" ni ká máa pe àwọn tó ń jókòó ti píánò ńlá lórí pèpéle tí gbogbo gbọ̀ngàn á sì pa lọ́lọ́ nítorí wọn, àwọn tí òyìnbó ń pè ní kọ́ńsáàtì píánísìtì. Pé ó gùn ò dùn mí, "tẹ̀" inú ẹ̀ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Fóònù là ń tẹ̀, ATM là ń tẹ̀, bẹ́ẹ̀lì ẹnu géètì là ń tẹ̀. Ọmọ mi tó wà nílé yìí ti ń tẹ fóònù látàárọ̀, mi ò tíì gbọ́ orin kankan níbẹ̀.

Èmi náà, "tẹ dùùrù" ni mò ń sọ tẹ́lẹ̀, àfìgbà ọyẹ́ tó kọjá. Ẹ mọ bí ọyẹ́ Abuja ṣe máa ń ṣe, ètè á bẹ́, ilẹ̀kùn tí ò ṣeé tì tẹ́lẹ̀ á kàn máa tira ẹ̀, ni píánò onígi tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Gwarinpa bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, wọ́n wá pe bàbá kan tó máa ń yí okùn ẹ̀. Bàbá yẹn ṣí ikùn ẹ̀, mo yọjú wò ó. Kíì 88 ló wà níta, funfun 52, dúdú 36, ṣùgbọ́n wáyà inú lọ́hùn-ún lé ní 200, torí ọ̀pọ̀ kíì ló ní wáyà mẹ́ta mẹ́ta. Tí bàbá bá fọwọ́ kan kíì báyìí, òòlù kékeré kan tí wọ́n fi irun àgùntàn wé lórí á fò dìde, á gbá wáyà, á sì tètè padà sẹ́yìn kó má baà pa ohùn mọ́ wáyà lẹ́nu. Ó ní ọyẹ́ ló fa omi inú pákó gbẹ, pákó sún kì, wáyà dẹ̀, tí òjò bá dé pákó á tún wú, wáyà á tún le. Mo ní háà, ìlù rèé! Ṣebí nítorí omi inú awọ náà làwọn onílù wa ṣe máa ń sá a sóòrùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbígbẹ ló ń mú awọ le ní tiẹ̀.

Kó tó di pé Bartolomeo Cristofori ṣe irú èyí ní Florence ní nǹkan bí ọdún 1700, harpsichord, ohun èlò orin oníkíì tó jọ píánò, ló gbòde, ṣe nìyẹn ń ta okùn bí a ṣe ń ta gìtá, o fọwọ́ líle kàn án o, o fọwọ́ jẹ́jẹ́ kàn án o, bákan náà ló ń dún. Cristofori fi òòlù sí i, ohùn wá ń tẹ̀lé ọwọ́, bó ṣe gba orúkọ nìyẹn, piano e forte, jẹ́jẹ́ àti kíkan, kẹ́nu tó já forte sọ́nà. Nítorí náà ká fi "ta" sílẹ̀ fún dùùrù Dáfídì inú Bíbélì àti fún gìtá. Kíbọ́ọ̀dù oníná tó kún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Nyanya àti Kubwa ò ní okùn, kò ní òòlù, ẹ tẹ ìyẹn títí, mi ò bá yín jà. Ẹni tó ń lu píánò ní tiẹ̀, alùdùùrù ni. Akin Euba, ọmọ Èkó tó ń kọ orin fún píánò, tó pe iṣẹ́ ẹ̀ ní African pianism, náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń lu ìlù ilẹ̀ wa ló ń wá kí píánò máa ṣe. (Kẹ́nikẹ́ni má sì sọ pé ọ̀rọ̀ ará Èkó nìkan ni o, Jos ni wọ́n bí Ayọ̀ Bánkólé tóun náà kọ orin fún píánò sí ní 1935.)

Àbúrò wa ní Kàdúná ní ká pè é ní "àyàndùùrù". Mo mọ ohun tó rí. Clara Schumann, obìnrin ará Jámánì tó gbajúmọ̀ nídìí píánò láyé àtijọ́, ọmọ olùkọ́ píánò ni, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ, ọmọ ọdún 9 ló kọ́kọ́ ṣeré níta ní Leipzig ní 1828, kò sì kúrò lórí pèpéle títí di 1891. Nígbà tí ọkọ ẹ̀ kú ní 1856, ọmọ méje ló wà lọ́rùn ẹ̀, píánò ló fi bọ́ wọn. Ìyẹn jọ ọmọ àyàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n Bàbá wa tó jẹ́ ọmọ onílù ti sọ ọ́, àyàn kì í ṣe sátífíkéètì, ẹ̀jẹ̀ ni, mo sì fara mọ́ wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ fún eré tí alùdùùrù nìkan ń dá ṣe. Mo ní "àdálù" bí a ṣe ń sọ "àdákọ", ẹ wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ní ṣé ẹ̀wà àti àgbàdo ni kí àwọn máa retí. Ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa. Nígbà tí Liszt, ọ̀gá alùdùùrù ará Hungary, kọ "recital" sára ìwé ìpolówó ẹ̀ ní London ní 1840, àwọn èèyàn béèrè pé báwo lèèyàn ṣe ń ké píánò bí ẹni ń ké ewì, lónìí ta ló tún ń béèrè? Ẹni tó bá ní èyí tó dáa ju àdálù lọ kó mú un wá, ṣùgbọ́n kó jọ̀ọ́ fi àmì ohùn sí i, torí àìfàmìsí yín ló sọ tèmi di oúnjẹ.