Nọ́ńbà tẹ́ ò mọ̀ tó ń pè yín: kí lojú yín ti rí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí o. Àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù ò jẹ́ n sinmi, èmi tí mi ò yáwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹnì kan tá a jọ ṣiṣẹ́ nígbà kan ló lọ yá a, áàpù ọ̀hún wá kó gbogbo nọ́ńbà orí fóònù ẹ̀, bí wọ́n ṣe bọ́ sí mi lọ́rùn nìyẹn. Ọmọbìnrin kan ló kọ́kọ́ pè, ohùn pẹ̀lẹ́, "Ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ mọ lágbájá?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n, ni ohùn bá yí padà! Ó ní èmi ni oníduúró ẹ̀, pé tí kò bá sanwó lónìí àwọn á gbé fọ́tò mi kiri pé olè ni mí. Oníduúró kẹ̀, níbo la ti tọwọ́ bọ̀wé? Mo bílọ́ọ̀kì ẹ̀, wọ́n fi òmíràn pè, mo bílọ́ọ̀kì ìyẹn náà, òmíràn tún wọlé. Ìgbà tí mo gbé Truecaller, áàpù tó ń fi orúkọ ẹni tó ń pè hàn, sórí fóònù lara tù mí díẹ̀, tí wọ́n bá ti ń pè báyìí, pupa lá yọ, àwọn tí wọ́n ti yọ lẹ́nu ṣáájú mi ti kọ ọ́ síbẹ̀: "Loan Olè", "Má Gbé E", "Wèrè Agbowó". Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹ̀yin ńkọ́?

— Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ tó ń yọ yẹn jù o. Orúkọ tẹ́nì kan fi sí i lásán ni, onígbàjúẹ̀ náà lè kọ tó wù ú. Ẹni tó pe màmá mi, orúkọ báńkì ló yọ gàdàgbà, Yorùbá Ìbàdàn sì dùn lẹ́nu ẹ̀. Ó ní wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì wọn pa torí BVN, kí wọ́n ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù wọn fóun. Màmá ní, "Ọmọ mi, mi ò mọ̀wé, dúró kí ọmọ mi ọlọ́pàá jáde nílé ìwẹ̀." Ó gé fóònù lójú ẹsẹ̀! Ọlọ́pàá wo? Télọ̀ lèmi.

— Hahaha, màmá gbọ́n jàre. Ẹ tẹ STOP ránṣẹ́ sí 2442, láti 2016 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ti ní káwọn nẹ́tíwọ̀kì gbà á, á dín ìpolówó kù. Àmọ́ kò ran àwọn agbowó yẹn o, síìmù lásán ni wọ́n ń lò. Tiwọn, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ ìhàlẹ̀ wọn, kẹ́ ẹ fi ẹjọ́ wọn sun FCCPC, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà. Èyí tó bá sì fi nọ́ńbà òkè òkun pè lẹ́ẹ̀kan tó gé e, ẹ má pè é padà, owó yín ló ń wá. Èmi kì í gbé nọ́ńbà tí mi ò mọ̀, ẹni tó nídìí tó fi ń wá mi á fi àtẹ̀jíṣẹ́ sílẹ̀, àfi ọjọ́ tí mo bá ń retí dispatch, ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pè tí mi ò ní gbé, títí kan olówó èlé.