Fídíò ogun tí ojú rẹ̀ ti ṣú lórí WhatsApp: báwo lẹ ṣe ń tọpasẹ̀ rẹ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìlọrin la wà, fídíò ogun Sudan àti Ukraine tí wọ́n ń pín kiri la ń yẹ̀ wò. A máa ń dá fídíò dúró níbi tí ilé tàbí pátákó bá ti hàn kedere, a ó ya àwòrán mẹ́ta sí mẹ́rin níbẹ̀, a ó gé àkọlé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, ká tó gbé e sínú Google Lens àti TinEye, tí wọ́n máa ń wá ibi tí àwòrán ti jáde rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá ti wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n ní ìjà náà ṣẹlẹ̀, irọ́ ni. (Ẹ ṣọ́ra fún géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Arma 3 náà, wọ́n ti pín in bí ogun Ukraine gidi ní 2022.)

Ibi tó le rèé. WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí àkọsílẹ̀ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti yà á bá a dé. Bó bá ti kọjá lọ́wọ́ èèyàn púpọ̀, Lens kì í sábà rí nǹkan kan mọ́. Èyí tó burú jù ni ohùn Yorùbá tí wọ́n fi ń bo ohùn àtilẹ̀wá: a ò ní gbọ́ èdè àwọn tó wà nínú fídíò mọ́, ohùn tuntun náà á sì sọ ọ́ di ìjà ẹ̀sìn. Nílùú tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ń gbé inú agbo ilé kan, ewu ńlá nìyẹn.

Ta ló mọ ọ̀nà tí a lè gbà rí ojúlówó irú fídíò bẹ́ẹ̀? Bí a bá sì mọ ìlú ṣùgbọ́n tí a ò mọ apá ibi tí kámẹ́rà kọjú sí, ṣé òjìji ilé ṣì lè sọ àkókò fún wa? Báwo lẹ sì ṣe ń sọ fún bàbá tàbí àáfà tó fi í sórí gúrúùpù ẹbí, tí kò fi ní dà bí àfojúdi?