Affect àbí effect: èwo ló yẹ níbí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mò ń tún ìjábọ̀ kan kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo sì há síbi gbólóhùn yìí: “The committee will effect changes.” Ohun tí mo ti ń tẹ̀ lé ni pé affect jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, effect sì jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Àmọ́ ìwé atúmọ̀ èdè ní effect náà lè jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe: kéèyàn mú nǹkan wáyé. Kọ̀ǹpútà kò ràn mí lọ́wọ́, torí sípẹ́lì méjèèjì ló tọ̀nà. Bí mo bá fi affect rọ́pò rẹ̀, ṣé ohun tí òǹkàwé máa gbọ́ ni pé ìgbìmọ̀ náà kàn ń nípa lórí àyípadà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé kì í ṣe àwọn ló mú un wá?