Iná ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà tó kọ̀ tí kò kú ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọmọ Ìjẹ̀rú, Manchester: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ ọ̀kadà àbúrò mi ni mo gbé wá. Onínjẹ́tọ̀ ni (kọ̀ǹpútà ló ń wọn epo fún un), kì í ṣe oníkábúrẹ́tọ̀. Òun ló fi ń ti Ìjẹ̀rú lọ síbi iṣẹ́ ní LAUTECH. Iná ẹ́ńjìnnì ojú rẹ̀ kò kú mọ́. Wọ́n ní sẹ́ńsọ̀ oxygen ló bàjẹ́. Mo ra tuntun níbí, mo fi rán ẹni tó ń lọ sílé. Wọ́n dè é, iná tún tàn. Wọ́n tún ní kí n rán òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Ìsàpá, Leeds: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ alùpùpù ni mò ń ṣe níbí. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n ka bí iná yẹn ṣe ń ṣẹ́jú: èyí tó pẹ́ dúró fún 10, èyí tó yá dúró fún 1. Ẹ tún bi wọ́n, ṣé wẹ́dà ti jó sàláńsà (páìpù èéfín) náà rí?

Ọmọ Ìjẹ̀rú, Manchester: Ó pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yá lẹ́ẹ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ti jó o. Kòtò ọ̀nà Ọ̀yọ́ ló là á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́ sígbà náà ni iná yìí bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìsàpá, Leeds: 21 nìyẹn. Lórí Honda, 21 ni ti sẹ́ńsọ̀ oxygen, 7 ni ti ìgbóná ẹ́ńjìnnì. Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ní tiwọn, inú ìwé ọ̀kadà ni kí ẹ wò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú o. Ohun tó ń sọ ni pé iná mànàmáná tó ń gba ọ̀nà yẹn dé ọ̀dọ̀ brainbox (kọ̀ǹpútà ọ̀kadà) kò rí bó ṣe yẹ kó rí. Wáyà lè ti yọ́, ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó so mọ́ ara ọ̀kadà) lè má mú dáadáa, èéfín lè máa jò. Nígbà tí tuntun ti wọlé tí iná ṣì ń tàn, sẹ́ńsọ̀ ló yẹ kí a fura sí kẹ́yìn.

Oxygen tó ṣẹ́kù nínú èéfín ni sẹ́ńsọ̀ yìí ń wọ̀n, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius kó tó ṣiṣẹ́. Tí epo bá pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ, fóòtì rẹ̀ á sún mọ́ 0.9. Tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, á já wálẹ̀ sí bíi 0.1. Lára ẹ́ńjìnnì tó dá ṣáṣá, ṣe ló máa ń lọ tó ń bọ̀ láàárín méjèèjì. Wàyí o, tí ibi tí wọ́n jó bá ṣì ní ihò, tó sì ṣáájú sẹ́ńsọ̀, afẹ́fẹ́ ìta á máa gbabẹ̀ wọlé, sẹ́ńsọ̀ á ní afẹ́fẹ́ pọ̀ jù. Kò purọ́, ohun tó rí ló sọ. Brainbox á wá máa fi epo kún epo. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ọ̀kadà náà ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bóyá púlọ́ọ̀gì ń dúdú. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta lítà epo nílé báyìí, kò yẹ ká fi falẹ̀.

Ọmọ Òkè-Elérin, Toronto: Ṣé kò ní rọrùn kí wọ́n kàn já wáyà iná yẹn? Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti já tiwọn nílé, wọ́n sì ń rìn.

Ọmọ Ìsàpá, Leeds: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà wọ́n láyè. Iná kan náà ló máa tàn tí sẹ́ńsọ̀ kránkì (èyí tó ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí) bá ń kú lọ, ìyẹn sì lè pa ẹ́ńjìnnì lójijì láàárín àwọn tírélà ọ̀nà Ìlọrin. Ọmọ wa ló ń gùn ún.

Kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n fi àkísà tútù tó nípọn dí ẹnu sàláńsà fún ìgbà díẹ̀. Tó bá ń jò, wọ́n á gbọ́ ọ níbi tí wọ́n jó. Kí wọ́n tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ láti ìdí dé orí. Bátìrì tó dára á fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn lórí mítà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, á sì wà láàárín 13.5 sí 14.5 tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ń fún un níná.

Rẹwáyà, Takie: Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀dọ̀ mi ni ọ̀kadà náà wà. Bátìrì dára. Èéfín dúdú wà lára ibi tí wọ́n jó, wáyà sẹ́ńsọ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ sàláńsà, rọ́bà rẹ̀ ti yọ́. Ṣé kí n fi léèdì jó wáyà náà pọ̀?

Ọmọ Ìsàpá, Leeds: Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Ẹ má lo léèdì. Ọ̀pọ̀ irú sẹ́ńsọ̀ yìí ń fa afẹ́fẹ́ ìta gba inú wáyà. Léèdì lè dí i, gíríìsì náà lè dí i. Ẹ gé ibi tó yọ́ kúrò, ẹ fi ẹnu wáyà onírin tí wọ́n ń fi páláyà tẹ̀ so ó, kí ẹ dè é mọ́ férémù jìnnà sí sàláńsà. Kí wẹ́dà tó fọwọ́ kàn án, ẹ tú bátìrì, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì brainbox. Ẹ má jẹ́ kó fi gọ́ọ̀mù silicone dí ihò, atẹ́gùn rẹ̀ máa ń ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́.

Rẹwáyà, Takie: Ó yé mi. Wẹ́dà ń bọ̀ lọ́sàn-án. Tí mo bá ti pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́, màá gùn ún dé Ọ̀yọ́ kó lè gbóná dáadáa, màá sì kọ fóòtì rẹ̀ síbí.

Ọmọ Ìjẹ̀rú, Manchester: Ẹ gbà owó epo lọ́wọ́ àbúrò mi o, ọ̀gá. Mo ti pè é.