Ọmọ mẹ́ta, ìyá ọkọ mi, àti Magic Kingdom: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùnní_Atlanta

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láì dá sí i, ṣùgbọ́n èyí kọjá agbára mi. Ọkọ mi ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé a ń lọ sí Disney ní Orlando nínú oṣù kẹfà, ó sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì Magic Kingdom, ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ìgbafẹ́ Disney níbẹ̀, fún ọjọ́ kan. Àkọ́bí wa jẹ́ ọmọ ọdún 6, èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ 4, àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù 20. Màmá, ìyá ọkọ mi, wà lọ́dọ̀ wa láti Ìbàdàn. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n, orúnkún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní dá jókòó sílé kí àwọn ọmọ ọmọ àwọn máa lọ ṣe fàájì.

Mọ́tò la máa wà láti Atlanta. Ṣé kí n gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ dání? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n gbé oúnjẹ wọlé? Èyí ọmọ ọdún 4 kì í fẹnu kan oúnjẹ ìta. Báwo la sì ṣe máa ṣe é tí a ò fi ní fi owó ra ìjà? Ọ̀rẹ́ mi kan lọ lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Macon.

Bàbá_Ìbejì

Oṣù kẹfà kẹ̀? Ẹ kú orí ire o. Oòrùn á sè yín láàárọ̀, òjò á pa yín lọ́sàn-án. Ẹ ra aṣọ òjò onírọ́bà sílẹ̀ láti ilé, ẹ má dúró rà á nínú ọgbà.

Omi tútù ọ̀fẹ́ wà. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń bu ẹlẹ́rìndòdò sínú ife fún àwọn èèyàn, ẹ ní omi yìnyín lẹ fẹ́, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Èmi ò mọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fowó ra omi inú ike kí ìyàwó mi tó rí òyìnbó kan tó ń gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Títí dòní ló ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú àlejò.

Ẹ dúró de Ìyá Morẹ́nikẹ́, àwọn ni wọ́n mọ ibẹ̀ bí ẹní mowó.

Ìyá_Morẹ́nikẹ́

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun, ẹ ti pè mí dé.

Àdùnní, ẹ kú ìmúra. Tampa ni mò ń gbé. Ẹbí tó bá ti dé láti ilé, bó bá ti gbọ́ pé ọ̀nà ò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ó parí, èmi ni dẹ́rẹ́bà. Mo ti lọ nígbà 7. Ìgbà àkọ́kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún yín.

Mo kọ orúkọ nǹkan 19 tí a máa gùn sínú ìwé. Mo ní owó tí mo san, mo máa jẹ ẹ́ dé egungun. Nígbà tó fi di aago méjì ọ̀sán, nǹkan 5 la tíì gùn. Àbúrò ti bì sára mi. Morẹ́nikẹ́ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ níwájú ilé olórùlé ṣóńṣó búlúù tí gbogbo ayé ń yà fọ́tò ẹ̀ yẹn, ó ń yí gbirigbiri. Èmi náà bú sẹ́kún. Bàbá wọn dúró síbẹ̀, ó di ìwé mi lọ́wọ́ bí akọ̀wé ìjọ, ó ní, "Èwo ló kàn?" Ẹ̀yin náà ti mọ bí a ṣe padà sí Tampa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà yẹn, nǹkan mẹ́rin ni. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ọdún 6 mú ọ̀kan, kí ọmọ ọdún 4 mú ọ̀kan, kí Màmá mú ọ̀kan, kí ẹ̀yin méjèèjì fẹnu kò lórí ọ̀kan. Ẹ bá gun karùn-ún, èènì ni.

Ẹ tètè jí. Ibi tí ẹ máa páàkì sí kì í ṣe Magic Kingdom o. Adágún omi ńlá kan wà láàrin. Ẹ máa wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn lókè kẹ ẹ tó débẹ̀. Ẹ fi wákàtí kan gbáko sílẹ̀ láti ibi tí ẹ ti pa ẹ́ńjìnnì títí dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ya fọ́tò òpó tó wà níbi tí ẹ páàkì sí, kó má di pé ẹ ń wá mọ́tò kiri lóru. Ọkọ̀ ojú omi ni kẹ́ ẹ wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń lọ. Màmá á fẹ́ràn ẹ̀, atẹ́gùn ibẹ̀ dára, àwọn ọmọ á sì máa wo ilé yẹn bó ṣe ń tóbi sí i bọ̀.

Bí ẹ bá wọlé, ẹ má yà síbì kan, Fantasyland, apá ọgbà tí ohun gígùn àwọn ọmọdé pọ̀ sí, ni kẹ́ ẹ kọrí sí. Ọdún 1971 ni wọ́n ṣí ọgbà náà, àwọn ohun gígùn tó ti pẹ́, tí ń rọra lọ, ló sì dára jù fún ọmọ kékeré. Peter Pan's Flight ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ̀ láàárọ̀ kùtù, torí bí oòrùn bá ti mú, ìlà ibẹ̀ dà bí ìlà epo bẹntiróòlù nígbà ọ̀wọ́n. Dumbo, Winnie the Pooh, ẹṣin tó ń yí po àti it's a small world, kò sí èyí tí wọ́n ń wọn gíga ọmọ fún níbẹ̀, àbíkẹ́yìn náà á wọ gbogbo wọn. Inú small world yẹn tutù, ọkọ̀ ẹ̀ ń rọra lọ lórí omi, ọmọ mi sùn síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wọn àwọn ọmọ yín nílé, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lọ. Àwọn ohun gígùn tó ń sáré ní ìwọ̀n gíga tí ọmọ gbọ́dọ̀ tó: Barnstormer ń fẹ́ íǹṣì 35, Seven Dwarfs Mine Train, ọkọ̀ àwọn aràrá, ń fẹ́ 38, Space Mountain 44, TRON 48. Igi ìwọ̀n wà lẹ́nu ọ̀nà, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kì í gbọ́ "ẹ jọ̀ọ́". Ọmọ tó bá gbọ́ "o ò tíì ga tó" nílé á sunkún díẹ̀, á gbàgbé. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà lójú ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ mọ́ gbogbo yín lọ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbé e, èyí ọmọ ọdún 4 náà á fẹ́ jókòó nígbà tó bá di ọ̀sán. Kó má fẹ̀ ju íǹṣì 31 lọ, kó má gùn ju 52 lọ. Ẹ̀yìn òde lẹ máa gbé e sí bí ẹ bá fẹ́ gun nǹkan, àwọn òṣìṣẹ́ sì máa ń tò wọ́n, ibi tí ẹ gbé e sí kọ́ lẹ máa bá a. Ọgọ́rùn-ún kẹ̀kẹ́ dúdú ló máa wà níbẹ̀. Ẹ so aṣọ tó ń tàn mọ́ tiyín, kẹ́ ẹ lè rí i láti òkèèrè. Ẹ má fi pọ́ọ̀sì sínú ẹ̀.

Ẹ mú ọ̀já dání! Kẹ̀kẹ́ kì í wọ orí ìlà, ọmọ oṣù 20 kì í sì í dúró. Ẹ pọ̀n ọ́n. Wọ́n á ní kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọwọ́ méjèèjì yín ti sinmi. Òyìnbó kan ti dá mi dúró rí, ó ní níbo ni mo ti ra "èyí". Mo ní Ọjà Jagun, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀, ó ń wá a.

Oúnjẹ ilé kì í ṣe ìṣòro. Wọ́n á yẹ báàgì yín wò. Ohun tí wọn ò fẹ́ ni ìgò, ọtí, àti yìnyín tó tú sílẹ̀ nínú kúlà. Ẹ lo yìnyín inú ike tí wọ́n ń tì pa. Mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń gbé, kò ní omi ọbẹ̀, kì í dà sára ọmọ, ó sì dùn ní tútù. Ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Baby Care Center, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ Crystal Palace. Ibẹ̀ lẹ ti lè fọ́mọ lọ́mú, kẹ́ ẹ pààrọ̀ páńpásì lórí tábìlì tó mọ́, kẹ́ ẹ sì gbé oúnjẹ ọmọ gbóná. Ó tutù, ó dákẹ́. Mo ti fara pamọ́ síbẹ̀ rí fún ogún ìṣẹ́jú láìsí ọmọ lọ́wọ́ mi, ẹ má sọ fún bàbá wọn.

Ẹ̀rù àwọn aláṣọ yẹn náà ńkọ́? Ọmọ mi kejì jẹ́ ọmọ ọdún 3 nígbà tí màmá mi wá. Ojoojúmọ́ ló ń wo Mickey lórí tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun máa dì mọ́ ọn. A tò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40. Bí eku ṣe yọ, tí orí ẹ̀ tó agbada àkàrà, ọmọ figbe ta, ó kó sábẹ́ ìró màmá mi. Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń fà á. Màmá mi ní, "Fi ọmọ sílẹ̀ jàre. Egúngún ni. Ọmọ wo ni kì í sá fún egúngún?" Wọ́n bá gbéra, àwọn fúnra wọn lọ kí eku. Eku tẹrí ba fún wọn, wọ́n sì ṣàdúrà fún un. Ọmọ ń yọjú wò láti ẹ̀yìn mi, nígbà tó yá ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sún mọ́ ọn. Fọ́tò tí a rí yà ni ti màmá mi àti Mickey, àwọn méjì péré. Ó wà ní pálọ̀ wọn nílé báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó wọn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ tó sọ nù, ẹ má fọwọ́ kékeré mú un. Morẹ́nikẹ́ sọ nù mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹṣin tó ń yí yẹn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 6. Ìṣẹ́jú 6 yẹn gùn ju ìrọbí lọ. Ohun tó yọ wá ni pé mo ti fi báàjì àwọn òṣìṣẹ́ hàn án láàárọ̀, orúkọ wọn àti ìlú tí wọ́n ti wá ló máa ń wà lára ẹ̀. Mo ní ẹni tó bá so irú èyí máyà nìkan ni kó bá sọ̀rọ̀. Àwa Yorùbá máa ń sọ fún ọmọ pé "má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀", ọmọ á wá sọ nù, á sì dákẹ́. Ẹ fi bíírò kọ nọ́ńbà fóònù yín sí apá wọn, ẹ sì ya wọ́n ní fọ́tò láàárọ̀ nínú aṣọ ọjọ́ yẹn. Nígbà tí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ ò ní rántí àwọ̀ aṣọ tí ẹ wọ̀ fún ọmọ. Mo bá ẹ̀rù pàdé, mo mọ̀.

Mo ń lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Màá padà wá.

Akin_Dallas

Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un. Ẹ bèèrè Rider Switch lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà ohun gígùn tí àwọn kékeré ò lè wọ̀. Ọ̀kan nínú yín á tò, á gùn ún, èkejì á dúró ti àwọn ọmọ. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá jáde, èkejì á wọlé láì tún tò sórí ìlà gígùn. Ọ̀fẹ́ ni. Àkọ́bí yín tún lè tẹ̀ lé ẹni kejì, ìyẹn ni pé á gùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ mi ọkùnrin gba èyí ní ẹ̀rí pé Ọlọ́run fẹ́ràn òun ju àbúrò òun lọ.

Àǹtí_Bísí

Àdùnní, mo retí pé ẹ ò ra tíkẹ́ẹ̀tì fún àbíkẹ́yìn? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kì í sanwó. Ẹ má sì ra tíkẹ́ẹ̀tì àjẹkù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Arákùnrin kan tà méjì fún mi, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni kò lè lọ mọ́. Wọ́n ń gba ìka ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sì bá tèmi mu. Èmi àti ọmọ mi padà sí hòtẹ́ẹ̀lì, a lúwẹ̀ẹ́.

Fún Màmá, ẹ yá àga onítáyà lẹ́nu ọ̀nà, bí wọ́n tiẹ̀ ń sọ pé àwọn lágbára. Wọ́n á kọ̀ láàárọ̀, wọ́n á jókòó lọ́sàn-án.

Àdùnní_Atlanta

Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an! A ò rà fún àbíkẹ́yìn, Ọlọ́run ló ṣe é. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún Màmá sókè ketekete, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn níbi egúngún. Mo ti wọn àwọn ọmọ: àgbà jẹ́ 45, èyí ọmọ ọdún 4 jẹ́ 37 àti ààbọ̀. Íǹṣì ààbọ̀ ló kù ú kù fún ọkọ̀ àwọn aràrá yẹn. Láti àná ló ti ń jẹ ẹ̀wà láìjanpata, ó ní òun fẹ́ ga.

Ṣé kí a dúró wo iná tí wọ́n ń yìn lálẹ́? Màmá sì ní kí n bèèrè: ṣé ìró, bùbá àti gèlè dára níbẹ̀?

Ìyá_Morẹ́nikẹ́

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi iṣẹ́. Iná yẹn ń dún bí ìbọn, gbogbo èrò ọgbà ló sì máa rọ́ lọ sí ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn ẹ̀. Pẹ̀lú ọmọ oṣù 20, ẹ jáde ṣáájú. Bí oríire bá ṣe é, ẹ máa wò ó láti orí ọkọ̀ ojú omi nígbà tí ẹ bá ń padà, ibẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ dún mọ́.

Lọ́sàn-án, nígbà tí ara bá ti ń kan gbogbo yín, ẹ gbé Màmá lọ wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń yí ọgbà po, tàbí kẹ́ ẹ wọ PhilharMagic, ilé tí wọ́n ti ń wo fíìmù, àga àti ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀. Ẹ má gbé wọn lọ sí PeopleMover, ọkọ̀ kékeré tó ń rọra yí po lókè, ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń wọ̀ ọ́ ń sún lábẹ́ ẹsẹ̀, orúnkún wọn ò ní gbà á. Bí ààrá bá sì ń sán, wọ́n máa ń dá àwọn ohun gígùn ìta dúró. Ẹ má bá wọn jà, ẹ jẹ mọ́ínmọ́ín yín.

Ìró àti bùbá ò burú, kí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé sábẹ́ ẹ̀ torí àti gbẹ́sẹ̀ wọ ọkọ̀. Bàtà tí kì í yọ̀. Ṣùgbọ́n gèlè, rárá o. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn wọn ò ní rí nǹkan kan. Ẹ gba gèlè yẹn lọ́wọ́ wọn, ẹ so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ.