Mo kọ “must fall”, ọ̀gá ní ṣé dandan ni kó ṣubú ni?

Òṣìṣẹ́ Òru: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ òru níbí ní Ìlú Ọba. Lọ́jọ́ Àìkú, mo bá màmá kan nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, sálúbàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lábẹ́ àga. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé: ó ní láti jẹ́ pé ó ṣubú lóru, mo ní láti pe nọ́ọ̀sì. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́: “She must fall in the night. I must call the nurse.” Ọ̀gá ní ṣé dandan ni kó ṣubú ni, àti pé ṣé mo ti pe nọ́ọ̀sì àbí mo ṣì fẹ́ pè é? Ojú tì mí gan-an. Ọ̀la ni mo máa dá ìwé náà padà. Ẹ gbà mí o.

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ fi “have” sí méjèèjì: “must have fallen”, “must have called”. Ó parí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ìkíní tọ̀nà, ìkejì kò tọ̀nà. “I must have called the nurse” ń sọ pé ó jọ pé mo pè é, àmọ́ n ò rántí dáadáa. Iṣẹ́ méjì ni “ní láti” tiwa ń ṣe. Tí o bá rí àmì, tí o wá fi òye gbé ohun tó ṣẹlẹ̀, “must have” ni. Tó bá jẹ́ ohun tó di dandan fún ọ, tí o sì ṣe é, “had to” ni: “I had to call the nurse.”

Òṣìṣẹ́ Òru: Ẹ ṣé gan-an, sà. “Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ̀gá lóru yẹn” ńkọ́? Àárọ̀ ni mo tó sọ fún un.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: “I should have told the manager.” Ṣé o rí “ti” tó wà nínú Yorùbá rẹ yẹn? Òun ni “have” ń dúró fún níbẹ̀. Ṣùgbọ́n “fallen”, “gone”, “seen” ló máa ń tẹ̀lé e, kì í ṣe “fell”, “went”, “saw”. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn.

Ọmọ Ìbàdàn: “Must of” ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ibí.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: “Must’ve” ni, ó kàn ń dún bẹ́ẹ̀ létí. Àwọn onílé náà máa ń ṣì í kọ. Má kọ ọ́ síwèé.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí màmá yẹn nígbà tó ṣubú. Ó lè jẹ́ pé ṣe ló rọra jókòó sílẹ̀ níbi tó ti ń wá sálúbàtà kejì. Ẹ kọ ohun tí ojú yín rí: “I found her on the floor.” Kí ẹ wá fi “She may have fallen” tẹ̀lé e. Ẹ má lo “could have fallen”, torí ẹlòmíràn lè kà á sí pé ó kù díẹ̀ kó ṣubú, kò sì ṣubú. Ṣé ó padà dìde?

Òṣìṣẹ́ Òru: Ó dìde, lẹ́yìn tí nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò. “She could stand”?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: “She was able to stand.” Agbára tó ti ní látẹ̀yìn wá ni “could” máa ń sọ. Tí kò bá rí i ṣe ni “could not” bá a mu.

Òṣìṣẹ́ Òru: Ẹ wò ó: “I found her on the floor beside her bed. She may have fallen. I had to call the nurse, who checked her. She was able to stand. I should have told the manager that night.”

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Ó dáa gan-an. Ẹ kọ ti sálúbàtà náà sí i.