Omi tí mo mu nínú oòrùn dà?

Ìbéèrè:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo ń ṣe. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, mo lè mu omi inú ọ̀rá mẹ́rin kí ọ̀sán tó pọ́n, síbẹ̀ ìtọ̀ díẹ̀ tó pọ́n bí omi àgbo ni mo máa ń tọ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá dá wa dúró sílé, omi kan náà yóò gbé mi dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìtọ̀ náà yóò sì mọ́ gaara. Ta ní ń pín omi yìí?

Ìdáhùn kìíní:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì ni mí. Kíndìnrín méjèèjì ló ń pín in. Asẹ́ wínníwínní tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Omi, iyọ̀, ṣúgà àti ìdọ̀tí ara ń jò láti inú ẹ̀jẹ̀ gba ojú asẹ́ náà, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń dúró sẹ́yìn nítorí pé wọ́n tóbi ju ihò rẹ̀ lọ. Ohun tó ń jò bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ tó nǹkan bíi 180 lítà. Ẹ má jáyà, ìtọ̀ kọ́ nìyẹn. Kíndìnrín dà bí ẹni tó da gbogbo ẹrù inú àpò sílẹ̀, tó wá ń ṣa èyí tó wúlò padà: nínú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀lé asẹ́ ló ti ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú omi àti iyọ̀ padà sínú ẹ̀jẹ̀, tó fi jẹ́ pé lítà kan sí méjì péré ló sábà máa ń dé àpò ìtọ̀.

Ìdáhùn kejì:
Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ, ṣùgbọ́n ọpọlọ ló ń pàṣẹ iye tí a ó ṣà padà. Nígbà tí òógùn bá gbé omi lọ, iyọ̀ yóò pọ̀ jù fún omi tó kù nínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ yóò mọ̀ ọ́n, òǹgbẹ yóò gbẹ yín, họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní vasopressin yóò sì mú kí kíndìnrín fa omi padà sí i. Ìdọ̀tí inú ìtọ̀ kò dínkù, omi tó gbé e ló dínkù, ìdí nìyẹn tó fi pọ́n. Lọ́jọ́ òjò, họ́mọ̀nù náà á rọlẹ̀, omi á sì kọjá lọ. (Ọtí náà máa ń dí i lọ́wọ́; ẹ bi àwọn tó ń sáré jáde nílé ọtí.)

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ó ti yé mi báyìí pé òógùn ló kọ́kọ́ gba ìpín tirẹ̀.